Ọta tó há sínú àgbá: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí kíìtì .22 nínú ìbọn .223

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bójú tó pápá ìyìnbọn àfidárayá. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí níbẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá gbé kíìtì ìpààrọ̀ wá, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ìbọn .223 lè yin kátíríìjì .22 tó kéré. Kò sẹ́ni tó fara pa, ìbọn náà kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá pariwo, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ló kù kí ọ̀rọ̀ náà di nǹkan míì.

Arákùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn kì í ṣe àkọ́ṣẹ̀ṣẹ̀ nídìí ìbọn. Ìbọn .223 Remington kan ló ní, irú èyí tó ń fi gáàsì ara rẹ̀ ti kòròfo (ara irin kátíríìjì tí ọta ti kúrò lẹ́nu rẹ̀) jáde tó sì ń kó kátíríìjì míì wọlé. Àgbá rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 20, ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú àgbá náà láti máa yí ọta sì ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín ínǹṣì 7. Ó mọ ìbọn náà bí ẹni mowó: ní mítà 100, ihò márùn-ún tó bá yìn sára àmì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́n ká ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Owó kátíríìjì ló ń dùn ún. Ó fẹ́ máa yìnbọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, .223 sì ń jẹ owó. Ti .22 Long Rifle kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo rẹ̀ kéré, kì í sì í gbá èjìká. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fún un níwèé àṣẹ ìbọn, wọ́n ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ló bá ra kíìtì.

Kí n sọ bí kíìtì náà ṣe rí fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn án. Centrefire ni .223: ìṣáná rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn ìdí kátíríìjì, ibẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún. Rimfire ni .22 Long Rifle, tó ti wà láti ọdún 1887. Kò ní ìṣáná ọ̀tọ̀. Èròjà tó ń gbiná wà nínú etí ìdí kòròfo náà yíká, àfi kí abẹ́rẹ́ tẹ etí yẹn pẹlẹbẹ kó tó lè gbiná. Abẹ́rẹ́ tó ń gún àárín kò lè rí i ṣe. Ìdí nìyẹn tí kíìtì fi ń gbé bóòtì tirẹ̀ wá, ìyẹn irin tó ń ti kátíríìjì wọlé tó sì ń dé ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti ṣe orí bóòtì náà bíi kòròfo .223 gẹ́lẹ́, kó lè jókòó pẹ́kípẹ́kí sínú ilé ọta, ibi tí kátíríìjì máa ń wà lẹ́yìn àgbá. Inú rẹ̀ ni ilé ọta kékeré ti .22 wà. Mágásíìnì tirẹ̀ (àpótí kékeré tí kátíríìjì ń wà) náà á bá a wá. Èèyàn á yọ bóòtì ìbọn kúrò, á fi ti kíìtì sípò rẹ̀, kò sì ní ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Gáàsì ìbọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí kíìtì bá wà níbẹ̀. Agbára tó ti ọta síwájú náà ló ń ti kòròfo sẹ́yìn, kòròfo á ti bóòtì, sípíríǹgì á sì dá bóòtì padà. Bí agbára yẹn bá dín, bóòtì kò ní rin ìrìn rẹ̀ dé òpin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ́ yọ.

Ohun tí kíìtì òde òní kì í gbé wá ni àgbá. Àwọn tó ṣe irú nǹkan yìí ṣáájú wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní Jámánì, láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ilé iṣẹ́ Erma ṣe èyí tí wọ́n ń tì bọ inú ìbọn Mauser 98 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́: àgbá .22 tẹ́ẹ́rẹ́ ni, odindi, tó ń wọ inú àgbá ńlá láti ilé ọta títí dé apá ẹnu. Ọta kékeré náà ń rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n là fún un. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta .22 ń jáde láti ilé kékeré, ó sì ń rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n là fún ẹlòmíì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí arákùnrin náà gbé e wá, kátíríìjì alágbára tí wọ́n fi bàbà fẹ́ẹ́rẹ́ bo òjé rẹ̀ ló lò. Ọta rẹ̀ jẹ́ 40 grain, bíi gíráàmù 2.6. Ó yìn ín tó ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni bóòtì há. Bóyá ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò dùn. Ní mítà 50, awò orí ìbọn tó ti tò fún .223 ní mítà 100 ń gbé ọta sí bíi sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀ ibi tó fojú sùn. Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Ó yí awò náà, ó sì kọ iye ìgbà tó dún kẹ́ bó ṣe ń yí i sínú ìwé kékeré kan kó lè dá a padà. Ohun tó dùn ún ni bí àwọn ihò náà ṣe fọ́n ká. Ihò márùn-ún fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9. Fún ẹni tó ń ta sẹ̀ǹtímítà 3 ní ìlọ́po méjì jíjìn yẹn, ìtìjú ni.

Ó kọ́kọ́ rò pé ihò àgbá ló fẹ̀ jù. Èrò yẹn wọ́pọ̀, kò sì fi gbogbo ara jẹ́ irọ́. Ìsàlẹ̀ ìlà inú àgbá .223 fẹ̀ ní ínǹṣì 0.224, ti àgbá .22 Long Rifle sì máa ń wà láàárín 0.222 sí 0.223. Ìyàtọ̀ náà kò ju irun orí lọ, òjé sì rọ̀, ó ń fẹ̀ nígbà tí iná bá tì í lẹ́yìn. Ohun méjì míì ló burú jù ú lọ.

Èkíní ni fífò. Gbogbo gígùn kátíríìjì .22 Long Rifle jẹ́ mìlímítà 25.4. Kòròfo .223, tí orí kíìtì fara jọ, gùn tó mìlímítà 44.7. Nítorí náà, kí imú ọta tó dé òpin irin yẹn, kó tó kan ẹnu ọ̀nà àgbá gan-an, ó ti fò tó mìlímítà 19 láìsí ìlà kankan tó dì í mú. Ó lè tẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, iná gbígbóná sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń họ òjé lára rẹ̀.

Èkejì ni ìyípo, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń dúró pẹ́ jù nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé. Àgbá tí wọ́n ṣe fún .22 ń yí ọta po lẹ́ẹ̀kan láàárín ínǹṣì 16. Ti arákùnrin yìí ń yí i lẹ́ẹ̀kan láàárín ínǹṣì 7. Bí ọta bá jáde ní mítà 326 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àgbá .22 á máa yí i ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejìdínláàádọ́ta lọ́nà ẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan. Tirẹ̀ á máa yí i ní nǹkan bí 110,000. Kì í ṣe pé yíyí náà ń fọ́ ọta. Àbùkù tó wà lára ọta ni yíyí náà ń sọ di ńlá. Kò sí ọta òjé tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba pátápátá lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ká sọ pé ìwọ̀n náà yẹ̀ kúrò láàárín ní mìlímítà 0.02 péré. Nínú àgbá tó ń yí po láàárín ínǹṣì 16, àbùkù yẹn á ju ọta sí ẹ̀gbẹ́ ní bíi mìlímítà 15 ní mítà 50. Nínú èyí tó ń yí po láàárín ínǹṣì 7, á jù ú sí bíi mìlímítà 35. Ọta kan náà, ọwọ́ kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lo kíìtì M261 nínú ìbọn M16A1, ínǹṣì 12 ni àgbá yẹn fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn tí ọ̀pọ̀ ń rà lónìí ń yí ọta kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọta .223 tó wúwo tó sì gùn ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún un. Ó gbọ́, ó sì fi ọgbọ́n rẹ̀ lò ó. Ó ní bó bá jẹ́ àbùkù ara ọta ni ìyípo ń sọ di ńlá, ọta tí àbùkù rẹ̀ kéré ni kóun wá lọ. Òótọ́ ni. Ó lọ ra kátíríìjì onídíje, èyí tí wọ́n ṣe tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, tí eré rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, tí òjé rẹ̀ kò sì ní bàbà lára. Ihò márùn-ún rẹ̀ wálẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 6. Ayọ̀ ṣẹ́ yọ lójú rẹ̀.

Ibi tó ti yanjú ìṣòro kan ló ti ra òmíràn. Kátíríìjì tí eré rẹ̀ kéré kò ní agbára tó láti ti bóòtì yẹn dé ẹ̀yìn. Nínú mágásíìnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan tàbí méjì á há: kòròfo á dúró sẹ́nu ọ̀nà, tàbí bóòtì á padà láìkó tuntun. Ní ọjọ́ kejì tó lò ó, mo rí i tó ń nawọ́ sí ìmú bóòtì láìwo ibẹ̀, fà, jù ú sílẹ̀, ó ti fojú sun àmì padà. Ó ti di ijó fún ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀. Títí dòní, ó ń dùn mí pé mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ti yìn tó ọgọ́sàn-án. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí, bíi mítà mẹ́ta. Mo gbọ́ "gbà", "gbà", "gbà", lẹ́yìn náà "pọ́ọ̀". Kò dún ju ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìgò lọ. Bóòtì kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ìmú, ó fà á, kòròfo fò jáde, ó jù ú sílẹ̀, kátíríìjì tuntun wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìka rẹ̀ ti ń padà lọ sídìí ìfà.

"Dúró! Yọ ìka rẹ!"

Ó yọ ọ́. Èyí ló jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún un: kò bi mí léèrè kí ló dé kó tó yọ ọ́. Ẹnu ìbọn ṣì kọjú sí òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìn àmì.

"Ẹ̀gbọ́n, ó kàn tún há ni."

"Kò há. Jẹ́ ká wò ó."

A dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ó yọ mágásíìnì, ó fa bóòtì, ó gba kátíríìjì tuntun náà sọ́wọ́. Mo ní kó bá mi wá kòròfo tó fò jáde ṣáájú. A rí i nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ọta kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, etí ìdí rẹ̀ sì ti tẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo gbọn ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, hóró ẹ̀tù tí kò jó bọ́ síbẹ̀, wọ́n dúdú bí iyẹ̀pẹ̀ ìdí ìkòkò. Mo wo pátákó àmì pẹ̀lú awò: ihò mẹ́ta péré fún ìró mẹ́rin. Nígbà tí a yọ bóòtì kíìtì náà kúrò tí a tan iná sí ẹ̀yìn àgbá, òkùnkùn ni a rí láti ẹnu.

Mo ti ọ̀pá idẹ wọlé láti ẹnu ìbọn. Ó rin bíi sẹ̀ǹtímítà 23, ó dúró.

Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀tù inú kátíríìjì kan ṣoṣo kò jó tán. Agbára tó wá níbẹ̀ tó láti ti ọta kúrò lẹ́nu kòròfo kó sì gbé e wọ inú ìlà, kò tó láti gbé e la ínǹṣì 20 kọjá nínú àgbá tí òjé ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́. Èyí lè ṣẹlẹ̀ sí ìbọn .22 èyíkéyìí. Bó bá jẹ́ pé ìbọn tí kì í há ni, arákùnrin yìí ì bá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀, torí pé bóòtì kò rìn. Ṣùgbọ́n bóòtì tirẹ̀ ti ń kọ̀ láti rìn látàárọ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí ìbọn ní láti fún un ni bóòtì tó dúró sójú kan, ìkìlọ̀ yẹn sì ti dún létí rẹ̀ nígbà ogún láìsí ewu. Ìró tó yàtọ̀ nìkan ló kù, ohun tó fi bo etí nítorí ariwo sì ti gba ìyẹn lọ.

Ohun tó mú un wá síbẹ̀ ni wíwá tó ń wá ihò tó ṣùpọ̀. Ó pààrọ̀ kátíríìjì nítorí ihò, kátíríìjì sọ híhá di ojoojúmọ́, híhá kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ohun tí kò yẹ kí ọwọ́ kọ́. Bó bá fa ìfà lẹ́ẹ̀kan sí i, ọta kejì á bá èkíní nínú àgbá, àgbá á wú níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti dá bóòtì .223 padà ni, mi ò fẹ́ ro ibi tí ì bá parí sí.

A fi epo sí i láti apá méjèèjì, a fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Mo fi ọ̀pá idẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ihò náà tì í padà láti ẹnu sí ẹ̀yìn, mo ń fi òòlù onígi kàn án jẹ́jẹ́. Ọ̀pá tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù á gún àárín òjé, á sì fẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àgbá. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ọta náà bọ́ sórí aṣọ.

Ọkàn arákùnrin náà balẹ̀. Ó wo aago, ó ní ogún kátíríìjì .223 wà nínú àpò òun, pé kóun yìn wọ́n kóun tó lọ, "kí wọ́n gbá òjé náà jáde." Ọ̀pọ̀ oníbọn gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ wo ẹnu ilé ọta. Níbẹ̀ gan-an, níbi tí orí kíìtì ti ń parí tí ìlà àgbá sì ti ń bẹ̀rẹ̀, òrùka òjé kan ti lẹ̀ yíká, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja.

Agbára tí ìlànà àwọn tó ń ṣe kátíríìjì ní Amẹ́ríkà gbà láyè fún .22 Long Rifle kò ju 24,000 psi (òdiwọ̀n bí gáàsì ṣe ń tì tó) lọ. Ti .223 jẹ́ 55,000. Òrùka yẹn lè má jẹ́ kí kátíríìjì .223 jókòó tán, ó sì lè fún ọta rẹ̀ lọ́rùn nígbà tó bá fẹ́ jáde, kí agbára náà sì fò kọjá òdiwọ̀n. Ẹ fọ òjé kúrò kí ẹ tó dá centrefire padà. Lẹ́yìn tí àgbá bá mọ́, ọta .223 díẹ̀ wúlò láti fẹ́ ìdọ̀tí tó wọ ihò gáàsì dànù, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tó yẹ kó gba iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ṣe. Búrọ́ọ̀ṣì onídẹ àti aṣọ tí a rẹ sínú oògùn ìfọ̀bọn ni a lò, ó sì gbà wá ju wákàtí kan lọ. Aṣọ àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú òjé wẹ́wẹ́. A fọ ọwọ́ wa pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnu, torí májèlé ni òjé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kó gbé kátíríìjì onídíje tó ṣẹ́ kù wá. Mo fún un ní ìbọn .22 gidi tí ẹgbẹ́ ní, èyí tí àgbá rẹ̀ ń yí po nínú ínǹṣì 16. Ó jókòó sídìí tábìlì kan náà, ní mítà 50. Ihò márùn-ún rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 2. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó tí mo ná sórí kátíríìjì yìí, àgbá ni mò ń fi wá."

Kò ta kíìtì náà. Mi ò sì gbà á nímọ̀ràn kó tà á. Ó padà sí kátíríìjì alágbára oníbàbà tí bóòtì rẹ̀ fẹ́ràn, ó sún àmì wá sí mítà 25, níbi tí ihò rẹ̀ ti ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Ìdúró, ìmí, fífa ìfà, yíyìn lórí ìkúnlẹ̀: ó ń fi awò àti ìfà ìbọn tirẹ̀ gan-an kọ́ gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí kíìtì mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Bó bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ òun ṣe dá tó, á yá ìbọn .22 ẹgbẹ́.

Ẹnì kan bi mí bóyá irin kékeré tí wọ́n ń tà fún ìbọn onífífà (tí èèyàn ń fi ọwọ́ fa bóòtì rẹ̀ fún ọta kọ̀ọ̀kan), èyí tó dà bí kòròfo .223 tí wọ́n lu ihò .22 sí nínú, á sàn jù. Kò ní bóòtì tirẹ̀, nítorí náà abẹ́rẹ́ ìbọn ṣì ń gún àárín. Kí abẹ́rẹ́ náà lè bá etí rimfire pàdé, ńṣe ni wọ́n lu ihò ọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́. Ọta á wá wọ àgbá láti ẹ̀gbẹ́. Ó ń yìn, àmọ́ kí ẹni tó bá rà á má bínú sí àmì.

Lórí pápá wa, nǹkan yí padà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá lo kíìtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí kátíríìjì tí bóòtì rẹ̀ ń bá rìn nígbà àádọ́ta láìhá, kó tó sọ̀rọ̀ bí ihò ṣe ṣùpọ̀. Bó bá há, a kì í fà á kí a sì máa bá a lọ: ìka kúrò, mágásíìnì jáde, kòròfo sọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ la àgbá kọjá. Bí bóòtì kíìtì bá wà nínú ìbọn, kátíríìjì .223 kò gbọdọ̀ sí lórí tábìlì kan náà. Àwọn kan ní ó ń jẹ àkókò. Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ọta ọjọ́ yẹn wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Imú rẹ̀ ti tẹ́ níbi tí ọ̀pá ti kàn án, ìlà àgbá sì fín ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n dagun gan-an, èèyàn lè fi èékánná tẹ̀ lé wọn. Bí ẹni tuntun bá gbé kíìtì dé, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sí i látẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi í léèrè iye ìgbà tí bóòtì rẹ̀ ti há láti ìgbà tó ti rà á, àti iye ìgbà tó wo inú àgbá kó tó yìn ín padà.